Ẹlúlùú Tí Ó Dúró Lẹ́yìn Dẹ́bórà

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1995, Dẹ́bórà, ìyàwó Dúrótìmí, kú sí ẹ̀yìnkùlé wọn ní Ìlíṣàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo omi tí ó gbé kalẹ̀ fún àwọn ẹyẹ, kí wọ́n sì tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti tán.

Àwo omi yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà. Láàárọ̀ kùtù ni yóò ti da omi tuntun sí i, yóò jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ, yóò gbé kámẹ́rà lé orúnkún, yóò sì dákẹ́. Olùkọ́ àgbà kan tí ń padà sí ìlú rẹ̀ ló ta kámẹ́rà náà fún un. Ó ti fi ya ẹ̀gà, ó ti fi ya àdàbà, ó ti fi ya olongo tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ẹyẹ kan ṣoṣo ló ń sá fún un: ẹlúlùú. Igbó kékeré kan wà lẹ́bàá ògiri tí Dẹ́bórà kì í jẹ́ kí wọ́n ṣán. Ibẹ̀ ni ẹlúlùú ń gbé. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀, tí ń dún bí ìgbà tí omi bá ń dà jáde nínú ìgò ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bí Dẹ́bórà bá ti gbé kámẹ́rà sójú, ó ti wọgbó lọ. Ọjọ́ Sátidé, tí í ṣe Ọjọ́ Ìsinmi ìjọ wọn, nìkan ló máa ń jáde sí gbangba, nígbà tí obìnrin náà kì í fọwọ́ kan kámẹ́rà.

"Ẹ wò ó, Bàbá Morónkẹ́," ni yóò wí. "Ó mọ òfin kẹrin ju àwọn ará ìjọ wa lọ."

Dẹ́bórà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya òun fúnra rẹ̀. Fótò rẹ̀ kan ṣoṣo tó wà nílé ni ti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, ikán sì ti jẹ ẹ́ láti ọrùn dókè. Àfi ọ̀sán ọjọ́ kan, ní oṣù tó ṣáájú ikú rẹ̀. Ó na kámẹ́rà sí Dúrótìmí pé kí ó bá òun dì í mú kí òun fọ àwo omi. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹlúlùú bọ́ sórí ẹ̀ka lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, orí rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ funfun, ìyẹ́ rẹ̀ pọ́n bí erùpẹ̀ Rẹ́mọ.

"Má mira," ni Dúrótìmí wí.

"Kí ló dé? Ejò ni?"

"Mo ní má mira, obìnrin yìí!"

Ó tẹ kámẹ́rà. Kí Dẹ́bórà tó yíjú, ẹyẹ ti lọ.

"Òun ni? Ẹ yà á?"

"Ìwọ àti òun ni mo yà pọ̀."

Dẹ́bórà káwọ́ lérí. "Haà! Ẹ ti fi ojú mi ba ẹyẹ jẹ́!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Fíìmù náà kò tíì tán, Dẹ́bórà kò sì jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, nítorí fíìmù wọ́n. Kò tíì tán títí ó fi kú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Àdìsá, àbúrò Dúrótìmí tí ń ta èròjà mọ́tò ní Ṣàgámù, dé láti wá ṣe olórí ètò ìsìnkú. Kò tíì jókòó tí ó fi bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, fótò ìyàwó wa dà? Àwọn atẹ̀wé ń dúró. Ìwé ètò ìsìnkú tí kò ní fótò, ṣé òkú ìtìjú la fẹ́ sin ni?"

"Inú kámẹ́rà ló wà. Ní Sọ́ńdè, màá gbé e lọ bá Yúnúsà onífótò. Inú òkùnkùn ni yóò ti yọ ọ́."

"Kí ló ṣe ọ̀la?"

"Ọ̀la ni Ọjọ́ Ìsinmi. Oòrùn ti ń wọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

Àdìsá fi ẹnu yọ ṣùtì. "Ẹ̀yin ọlọ́jọ́-keje yìí! Òkú yín pàápàá gbọ́dọ̀ sinmi kí ó tó ya fótò."

Dúrótìmí fi ìborùn Dẹ́bórà wé kámẹ́rà, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Nígbà tí òun àti Morónkẹ́ ọmọ rẹ̀ ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ lọ́jọ́ kejì, òórùn ewé tútù ló kọ́kọ́ pàdé wọn. Igbó ẹ̀bá ògiri ti di ilẹ̀. Àwọn lébìrà dúró níbẹ̀, wọ́n ń fọ àdá nínú àwo omi ẹyẹ. Àdìsá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kámẹ́rà lanu sílẹ̀ lórí itan rẹ̀, ó sì na fíìmù sókè sí oòrùn lọ́wọ́ méjèèjì.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ibẹ̀ yẹn la máa ta kánópì sí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sì sọ fún mi pé fíìmù yìí ti bàjẹ́. Mo ti wò ó láti òkè dé ilẹ̀, mi ò rí ojú ẹnì kankan."

Morónkẹ́ figbe ta. "Bùrọ̀dá Àdìsá! Ẹ ti pa á!"

"Pa kí ni? Bẹ́ẹ̀ ni Yúnúsà ń ṣe! Ojú oòrùn ló ti máa ń wò ó, mo ti rí i láìmọye ìgbà."

"Èyí tí wọ́n ti fọ̀ lo rí," ni Dúrótìmí wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

Ojú ti Àdìsá, ìtìjú náà sì di ariwo. "Mo fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni! Ṣé torí ẹyẹ lẹ ṣe ń wò mí báyìí? Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ ládùúgbò yìí? Obìnrin tí ń bá ẹyẹ jókòó láfẹ̀mọ́júmọ́..."

"Parí ẹ̀," ni Dúrótìmí wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú."

"Mo ní kí o parí ẹ̀, Àdìsá. Ọmọ rẹ̀ ló dúró yìí. Sọ ohun tí ìyá rẹ̀ jẹ́ fún un."

Àdìsá bẹ̀rẹ̀ sí í ká fíìmù náà. Dúrótìmí gba àwo lọ́wọ́ àwọn lébìrà, ó da omi ẹlẹ́rẹ̀ náà nù, ó sì ní kí wọ́n máa lọ.

Ní Sọ́ńdè, Yúnúsà gba fíìmù náà, ó wọnú yàrá òkùnkùn rẹ̀ lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó jáde, kò lè wo Dúrótìmí lójú. "Bàbá, ìmọ́lẹ̀ ti jẹ ẹ́ tán."

Láti ibẹ̀, Dúrótìmí mú Àdìsá lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Ó ní kí wọ́n fa ìlà dúdú yí ibi tí fótò yẹ kó wà ká, kí wọ́n kọ orúkọ Dẹ́bórà sísàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n má sì fi nǹkan kan sáàárín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àgbélébùú síbẹ̀," ni Àdìsá ń bẹ̀ ẹ́. "Kí ni wọ́n máa rò?"

"Kò sí ohun tí a ó fi síbẹ̀. Ìwọ ni yóò sì máa pín ìwé náà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá bi ọ́ pé ojú rẹ̀ dà, sọ ibi tí o gbé e sí fún un."

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Àdìsá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pín in. Dúrótìmí jókòó níwájú, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bi í, ẹnì kan tẹ̀lé ẹnì kan: "Fótò ńkọ́?" Ohùn Àdìsá ń lọ sílẹ̀ sí i, títí tí kò fi sí ohun mìíràn ju ẹkún lọ. Dúrótìmí gbọ́ ẹkún náà. Kò wẹ̀yìn, inú rẹ̀ kò sì rọ̀.

Ohun tí Dẹ́bórà fi sílẹ̀ nìyí:

Kámẹ́rà kan, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kò pa dé dáadáa mọ́.
Ìborùn aláwọ̀ búlúù tí a fi wé e.
Agolo bisikí kan, fótò ẹ̀gà, àdàbà àti olongo ló kún inú rẹ̀.
Àpótí ìjókòó lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ.
Àwo omi, tí àdá ti ha nínú.
Fótò ìgbéyàwó tí kò ní orí.
Fíìmù kan, tí ó dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.
Kùkùté lẹ́bàá ògiri. Kò sí ẹlúlùú níbẹ̀.