Kéèkì Ẹlẹ́yin Mẹ́rìndínlógójì

3.

…bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá ègé búrẹ́dì mọ́kànlá lábẹ́ ìrọ̀rí Bàbá Ethan. Mo dá wọn padà síbẹ̀. Mo tẹ́ ibùsùn lé wọn lórí.

(Ó yẹ kí n ti ìkíní bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bínú.)

1.

Èmi ni Kúlísúmù, ọmọ Ìbàdàn. Adelphi, lókè òkun, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lọ́dún 1995. Mò ń tọ́jú Bàbá Ethan (Ethan lorúkọ òun fúnra rẹ̀), òyìnbó ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọwọ́ àwọn ará Japan tẹ̀ ẹ́. Ọdún mẹ́ta ló fi wa èédú fún wọn ní àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n.

2.

ÌWÉ TÍ BRIDGET, ỌMỌ RẸ̀, LẸ̀ MỌ́ FÍRÍÌJÌ

— Ẹ má bi wọ́n nípa àgọ́.
— Ẹ máa wọ̀n wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Wọn kì í jẹun. Ńṣe ni wọ́n ń fi oúnjẹ pa mọ́.
— Ẹ má fọwọ́ kan ìwé kékeré inú dúrọ́ọ̀.

(Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́. Èmi ni mo bá a fi ọ̀wọ̀ sí i.)

4.

Mo fọwọ́ kàn án.

5.

Oúnjẹ ló kún inú rẹ̀. Nígbà tí ebi ń pa wọ́n ní àgọ́, àwọn ẹlẹ́wọ̀n a jókòó, wọn a máa sọ bí wọ́n ṣe ń se nǹkan nílé. Ethan a máa kọ ọ́ sílẹ̀. Awakọ̀ ojú irin kan láàárín wọn ló sọ ti ojú ewé kẹsàn-án:

KÉÈKÌ
Ẹyin 36.
Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, agolo méjì.
Ṣúgà, títí ọwọ́ yóò fi rẹ̀ ọ́.
Yan án títí aládùúgbò yóò fi kanlẹ̀kùn.

6.

Mo ṣe é. Bọ́tà ni mo fi rọ́pò ẹlẹ́dẹ̀. Mùsùlùmí ni mí. Ẹyin mẹ́rìndínlógójì pé pérépéré.

7.

Irọ́ ni. Mẹ́tàlélógún ni mo ní.

8.

Ó wú. Ó fi orí ti ilẹ̀kùn ófùn. Èéfín sọ. Ọláídé tó ń gbé lókè wá kanlẹ̀kùn.

9.

BÀBÁ: Kí lèyí?

ÈMI: Ojú ewé kẹsàn-án, sà.

(Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.)

BÀBÁ: Awakọ̀ yẹn kò se nǹkan kan rí láyé rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀.

ÈMI: Kí ló dé tí ẹ wá kọ ọ́ sílẹ̀?

BÀBÁ: Ó dùn ún gbọ́. Ó kú kí ogun tó parí. Ìwọ lo kọ́kọ́ ṣe é.

Ó jẹ ẹ́. Ó ní kò dára rárá. Ó tún bu òmíràn.

10.

ÌWỌ̀N BÀBÁ NÍ PỌ́N-ÙN, ỌJỌ́ AJÉ MẸ́TA
118.
121.
124.

11.

OHÙN BRIDGET LÓRÍ FÓÒNÙ

«Kúlísúmù, Ọláídé ní ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dáná sunlé. Mo ti gba yàrá fún Dádì nílé àwọn arúgbó ní Mitchellville. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ẹ bá mi di ẹrù wọn.»

12.

Mo dì í. Mo tú u. Mo tún un dì.

13.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Bridget bá bàbá rẹ̀ nídìí tábìlì, ìwé náà wà ní ṣíṣí. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan. Igbe tí bàbá rẹ̀ ké mọ́ ọn, kò tíì gbàgbé.

BÀBÁ: Ojú ewé wo lo fẹ́?

BRIDGET: Mọ́tò ń dúró nísàlẹ̀, Dádì.

BÀBÁ: Ìyẹn kò sí nínú ìwé.

Bridget gba ìwé náà. Ó ń kà á lórí ìdúró. Nígbà tó yá, ó béèrè ta ni ó sọ èyí tó wà níwájú òun. Bàbá fẹsẹ̀ ti àga kan sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un.

14.

Ẹrù ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

15.

Bridget tú bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀.

Kò tíì bọ́ ọ.