Ọ̀rọ̀ Ẹnu Ààrò

4.
…títí irun iwájú orí rẹ̀ fi ń rùn bí ìyẹ́ adìẹ tí iná jó. Òṣèré náà kò sún sẹ́yìn. Ó fẹ́ mọ bí ooru ibẹ̀ ṣe rí, torí ibẹ̀ ni eré tó fẹ́ ṣe ti wáyé: ilé búrẹ́dì, lẹ́nu ààrò.

5.
ÌKÉDE
(lára ilẹ̀kùn yàrá ìdánrawò)

Gbogbo òṣèré, ẹ lọ wo ibi tí eré ti wáyé.
Ohun yòówù tó bá jẹ́ irọ́ nínú ìwé eré, ẹ wá sọ fún mi. Màá yọ ọ́.
— Olùdarí

6.
Ipa tirẹ̀ nínú eré:

gbígbé páànù wọlé
gbígbé páànù jáde
ọ̀rọ̀ kan, ojú ewé kan gbáko, tí ìyá kan ń bá ọmọ rẹ̀ tó ti kú sọ lẹ́nu ààrò.

Látọjọ́ tó ti ń ṣeré, ẹrù ló ń gbé kọjá. Ọ̀rọ̀ yìí ni àkọ́kọ́. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀, tó ń pe eré ṣíṣe ní iṣẹ́ ọ̀lẹ, ní òun máa wá.

7.
Àwọn òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì sọ ọ́ ní Aláwòṣe. Obìnrin gbígbẹ kan ni ọ̀gá ẹnu ààrò. Ó bi í bóyá iṣẹ́ òpó ni wọ́n gbà á sí, tó fi kàn dúró síbẹ̀. Ẹ̀rín pa wọ́n. Òun náà rẹ́rìn-ín. Inú ń bí i.

8.
Ohun tó rí:

Ẹni tó wà lẹ́nu ààrò kì í sọ̀rọ̀. Tó bá fa búrẹ́dì jáde, ìdí ọ̀pá gígùn tó mú dání á yọ sẹ́yìn. Á ké "Ẹ̀yìn", ẹni tó ń kọjá á yà. Tí ọ̀rọ̀ mìíràn bá bo ìyẹn mọ́lẹ̀, ọ̀pá á gún èèyàn láyà. Ọ̀gá fi àpá kan hàn án nítòsí ọrùn.

9.
Eré ló sá lọ bá olùdarí. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló rí nǹkan gidi mú bọ̀. Ó ròyìn ẹ̀ tán, ó tún fi ìgbálẹ̀ ṣe ọ̀pá.

10.
OLÙDARÍ: O ṣeun gan-an. A ti yọ ọ̀rọ̀ yẹn.
ÒṢÈRÉ: Èwo, sà?
OLÙDARÍ: Tìẹ. "Ẹ̀yìn" ni wàá máa wí.
ÒṢÈRÉ: Sà, kì í ṣe pé mo ní kẹ́ ẹ—
OLÙDARÍ: Ṣebí ìwọ lo ní irọ́ ni.

11.
Ẹ̀yìn.

12.
Àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin:

Màámi ti rán aṣọ o. Wọ́n ní iwájú pátápátá làwọn máa jókòó. Wọ́n ní kí n bi ẹ́ pé ṣé ọ̀rọ̀ ẹ gùn.



13.
Ó sunkún. Ó tán.

14.
Ó padà sílé búrẹ́dì, ó ń wá ohun tó máa gbè é. Ṣé wọn kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀ rárá ni? Tí ààrò bá ti tutù ńkọ́? Tẹ́nì kankan ò bá sí lẹ́yìn ńkọ́? Ọ̀gá ní rárá, rárá, rárá. Ó wá béèrè ohun tó ṣe ojú rẹ̀ tó wú. Òṣèré sọ fún un.

"Ẹnu ẹ lo fi gé ẹnu ẹ," ni ọ̀gá wí. "Aláwòṣe, ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

15.
Ìdánrawò tó kẹ́yìn. Olùdarí pe àwọn òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì wá, kí wọ́n wò ó bóyá eré jọ òótọ́. Páálí ni ààrò. Òṣèré mú ọ̀pá. Ó fà á sẹ́yìn. Ó wí ohun tí wọ́n ní kó wí.

Kò dákẹ́.

Ó pe ọmọ tó kú nínú eré náà. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ lọ.

16.
OLÙDARÍ: Dúró. Dúró! Ta ló ní kó o… Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣé ẹnikẹ́ni máa ń sọ irú èyí?

Ọ̀GÁ ẸNU ÀÀRÒ: Rárá. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́.



Ọ̀GÁ ẸNU ÀÀRÒ: Ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀, jàre.

17.
Olùdarí ṣí ìwé eré síbi tó ti yọ ọ̀rọ̀ yẹn, ó mú bírò. Kò tíì kọ nǹkan kan.