Bí A Ṣe Sáré Ju Àwọn Àlejò Lọ

Ilé ìfọṣọ la ti máa ń ṣeré. Ẹni tí kò gbé àdúgbò wa nígbà yẹn lè rò pé àwàdà ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti parí, àbúrò ìyá wa, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Mọ̀mí Alágbàfọ̀, á ti àwọn tábìlì ìlọṣọ rẹ̀ mọ́ ògiri, á kó aṣọ àwọn oníbàárà sí yàrá kejì, á ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ gbọin-gbọin, yàrá ńlá á wá ṣófo fún àwa ọlọ́rin pọ́ǹkì. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, torí iṣẹ́ ń dúró dè é lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Òórùn ọṣẹ àti ti aṣọ gbígbóná kì í kúrò ní yàrá yẹn. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti kúrò nílé, síbẹ̀ bí mo bá kọjá níwájú ilé alágbàfọ̀ ní ìlú tí mo wà yìí, ọwọ́ mi á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í lu itan mi fúnra rẹ̀.

Orin pọ́ǹkì kì í ṣe orin onísùúrù. Gìtá, ìlù, ẹnìkan tó lè lọgun, ó parí. Àwọn ẹgbẹ́ tó lórúkọ á wọ bọ́ọ̀sì, wọn á máa ti ìlú kékeré kan bọ́ sí òmíràn, ìlú kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ tó máa kọ́kọ́ ṣeré kí àlejò tó bọ́ síwájú. Ẹgbẹ́ onílé yìí ló ń pèsè ìlù àti sípíkà. Àlejò á kàn gbé gìtá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ni. Agbálẹ̀ là ń pe àwọn ẹgbẹ́ onílé yìí, torí àwọn ló ń gbá iwájú sílẹ̀ de ẹni tí èrò tìtorí rẹ̀ wá.

Àwa ni agbálẹ̀ ìlú wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń kọrin. Fèrè ni ìnagijẹ rẹ̀, torí bó bá fi ohùn sókè, gbogbo ajá àdúgbò ló ń dá a lóhùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún rédíò ṣe, tí à ń pè ní Ẹnjinía, ló ń ta gìtá bẹ́ẹ̀sì. Èmi ni mò ń lùlù.

Lọ́jọ́ kan, Mọ̀mí Alágbàfọ̀ ní ẹgbẹ́ kan ń bọ̀, ẹgbẹ́ ńlá. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń mú agbálẹ̀ tiwọn rìn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń bá wọn bọ̀ ti padà sílé, torí àìsàn dá akọrin agbálẹ̀ náà dúró. Wọ́n wá ní ẹgbẹ́ onílé tó bá wù wọ́n lójú ọ̀nà, àwọn á mú un dání títí ìrìn àjò náà á fi parí.

Kò sẹ́ni tí orin ti gbé kúrò nílùú wa rí. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ní ti Fèrè, ilé aránṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́ ló gbà lọ, ó ní kí ọ̀gá òun máa wá ẹlòmíì.

"Sìsítà, a ò tíì ṣeré, ẹ ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀?"

"Ìwọ ṣáà máa lùlù. Fi ìyókù sílẹ̀ fún àgbà."

Kò kúkú sí bí a ò ṣe ní í mọ ẹgbẹ́ náà. Kásẹ́ẹ̀tì wọn la fi kọ́ orin pọ́ǹkì. Inú tépù Ẹnjinía la ti ń gbọ́ ọ. Mọ́tò tépù yẹn ti kú nígbà kan, Ẹnjinía yọ ti ẹ̀rọ mìíràn sí i, ó sì jí. Háà, orin náà gbóná! Ó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ohùn ọmọbìnrin tó ń kọ ọ́ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Ká tó lè bá wọn sá irú eré yẹn, ojú wa rí màbo. Ọwọ́ mi bó, ó san, ó tún bó. Gbogbo orin tí àwa fúnra wa wá ṣe, eré yẹn la fi ṣe é. A rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ọjọ́ pé, bọ́ọ̀sì dé. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Fèrè na ọrùn wo inú ọkọ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ọmọbìnrin yín dà?"

Gìrìpá ọkùnrin kan onírùngbọ̀n dúró. "Ọmọbìnrin wo?"

"Èyí tó ń kọrin."

"Èmi ni mò ń kọrin."

Ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ kọ́bọ́ọ̀dù nílẹ̀. Fèrè wo Ẹnjinía. Ẹnjinía ń wo òrùlé.

Wọ́n so gìtá wọn mọ́ sípíkà wa, wọ́n ní káwọn dán an wò. Orin tí wọ́n mú, a mọ̀ ọ́n dénú, àfi pé ṣe ló ń rìn. Ó ń rìn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó jẹun yó. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ́ lọ sẹ́yìnkùlé, sáàárín àwọn báfù.

"Kí lo fi sínú tépù yẹn?" Fèrè bi Ẹnjinía.

"Mọ́tò ni. Àbí kò ṣiṣẹ́ ni?"

"Ó ṣiṣẹ́! Ó sáré yí kásẹ́ẹ̀tì débi pé ó sọ géńdé onírùngbọ̀n di ọmọge!"

Mo ní ká yáa dín eré wa kù. Mo da báfù kan dé, mo gbìyànjú àtirọra lù ú. Kò ṣeé ṣe. Ṣe ni ọwọ́ mi ń kọsẹ̀ bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíì.

"Wọ́n á fi wá rẹ́rìn-ín," Ẹnjinía sọ. "Àwọn tó jọ wọ́n ni wọ́n ń wá. A ti pàdánù ẹ̀ nìyẹn."

Fèrè ti báfù náà sápá kan. Ó ní, "Ta ló kọ́ wa lórin?"

"Àwọn náà ni," mo dáhùn.

"Irọ́ ńlá. Ṣé wọ́n lè ṣe ohun tí à ń ṣe? Ara wa la kọ́. Bí wọ́n bá ń wá ẹgbẹ́ tó ń rìn, wọ́n kúkú ní ara wọn. Ó yá, ẹ dìde."

Yàrá ti kún. Àwọn awakọ̀ wà níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì tí kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́, àwọn káfíńtà. A mú orin àkọ́kọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò tíì kíra wọn tán tó fi parí. Yàrá pa lọ́lọ́. Mo ní mo gbé. Àfi bí ariwo ṣe sọ! Tábìlì ìlọṣọ ń gbọ̀n, Mọ̀mí Alágbàfọ̀ ń pariwo pé, "Tábìlì mi o! Ẹ má pa tábìlì mi!" bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ń fò sókè jù.

Ibi tí wàhálà ti dé nìyí: a kọ ìyókù orin wa, gbogbo rẹ̀ tán. Mọ̀mí nawọ́ sí wa pé àkókò wa ò tíì lọ dé ìdajì. Fèrè yíjú sí mi.

"Èwo ló kàn?"

"Kò sí mọ́. Ó tán."

"Ó tán báwo?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wo bí a ṣe ń sáré!"

Ó kọjú sí èrò, ó gbé máìkì sẹ́nu. "Àwọn ará ẹ̀yìn ò gbọ́ dáadáa. A ó tún un ṣe fún wọn."

La bá bẹ̀rẹ̀ látòkè, a sì tún fi kún eré. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, àwọn èèyàn ti mọ ègbè, wọ́n ń bá wa gbè é. Gìrìpá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ká apá mọ́ àyà, kò mi orí. Onílù wọn ń wo ọwọ́ mi bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù síbẹ̀.

Ó kan àwọn àlejò. Orin wọn dùn, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, ṣùgbọ́n etí èrò ti mọ eré. "Ẹ sáré!" ni wọ́n ń ké. Wọ́n gbìyànjú ẹ̀. Onílù wọn ń mí hẹlẹ-hẹlẹ kí wọ́n tó dé ìparí.

Mò ń tú ìlù palẹ̀ nígbà tí Gìrìpá wá bá wa.

"Mi ò lè mú yín ṣe agbálẹ̀ wa," ó sọ.

Fèrè gbé àgbọ̀n sókè. "Kò burú, sà."

"Jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń gbá a mọ́ báyìí lójoojúmọ́, kí ló máa kù fún wa? Àwa ni ká máa ṣíwájú yín. Ẹ ó máa ṣe tiyín bí a bá ti ṣe tiwa tán. Láàárọ̀ ọ̀la la máa gbéra."

"A ó rò ó wò," Fèrè dáhùn. Díẹ̀ ló kù kí n sọ igi ìlù lù ú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "A ti rò ó, sà."

Yàrá kan lẹ́yìn ilé ìtajà táyà ni wọ́n ti ń ṣeré ní ìlú kejì. Gìrìpá àtàwọn èèyàn rẹ̀ ṣe tiwọn tán, èrò pàtẹ́wọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá jákẹ́ẹ̀tì wọn. Ta ló mọ̀ wá níbẹ̀? Wọ́n ti ń rọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnjinía ní ká pè wọ́n padà. Fèrè ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ṣẹ́jú sí mi pé kí n bẹ̀rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ti ki apá kan bọ jákẹ́ẹ̀tì dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà. Ó yíjú padà, ó wò wá, ó yọ apá rẹ̀ kúrò nínú jákẹ́ẹ̀tì náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ padà sínú ilé.