Ibi Tí Mo Sin Ifákẹ́mi Sí

Ẹni tí kò bá kọ ìtàn àròsọ rí ló máa ń rò pé òǹkọ̀wé ló ń darí ìtàn. Irọ́ ni. Inú fóònù ni mo ti kọ tèmi, nínú yàrá olùkọ́ ní Ìlaròó, bí àwọn ọmọ bá ti lọ jẹun ọ̀sán. Lọ́jọ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ á máa tẹ̀ lé ara wọn bí ìjàlọ, n kò ní gbọ́ aago. Lọ́jọ́ mìíràn, n kò ní rí gbólóhùn kan tó ṣe é fi han ọ̀tá. Fóònù náà tiẹ̀ já sínú korobá omi, ó gbé odindi orí mẹ́ta lọ. Mo sunkún, mo tún wọn kọ, wọ́n sì dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ifákẹ́mi ni mo pe obìnrin inú ìwé náà, ṣùgbọ́n ìyá ìyá mi, Àpèkẹ́, Màmá Àgbà wa, ni mo ń kọ. Ọmọ Ìwòyè-Kétu ni. Ó lọ sílé ọkọ ní Kétu, ní apá Bìnẹ̀, nígbà tí bọ́dà kò ju ọ̀nà oko lọ. Mo ti ṣèlérí fún un pé etí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ìwé náà, kí òǹtẹ̀wé kankan tó fojú kàn án. Bí mo ṣe ń parí rẹ̀ ni ìjọba ti bọ́dà pa. Màmá Àgbà, tó ti di opó tipẹ́, sì ti ń rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ìwé lè dúró, àgbà kì í dúró.

Orí ìkẹyìn nìkan ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ti pa Ifákẹ́mi níbẹ̀, mo sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ ní Kétu, mo rọ òjò winniwinni lé e lórí. Síbẹ̀, bí mo bá sùn lọ lọ́sàn-án, mo máa ń rí i tó ń rìn lórí ojú ewé funfun, àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ́wọ́, tí kò ríbi gbé e kalẹ̀.

Nígbà ìsinmi Kérésì, Màmá Àgbà ránṣẹ́ sí mi láti ẹnu àwọn tó ń lọ oko. Oko àwọn ará Ìwòyè kò mọ ìjọba. Ẹlòmíràn á sùn ní Nàìjíríà, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ á wà ní Bìnẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀ nídìí igi kajú bàbá òun lọ́jọ́ Sátidé, kí n máa gbé ìwé náà bọ̀.

Bùrọ̀dá Cornelius, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ilé bàbá wọn ní Ìwòyè, ló mú mi gba inú oko lọ láàárọ̀. Ọyẹ́ bo gbogbo ilẹ̀, ẹ̀gẹ́ àti ènìyàn di àwọ̀ kan náà. Fóònù mi fi Faransé kí mi káàbọ̀ sí Bìnẹ̀, kò pẹ́ ó tún kí mi káàbọ̀ sí Nàìjíríà.

"Níbo gan-an ni bọ́dà wà?" mo bi Bùrọ̀dá.

"Ìdí igi kajú yẹn ni wọ́n ní ó gbà kọjá. Òjìji rẹ̀ a máa lọ Bìnẹ̀ láàárọ̀, á padà sí Nàìjíríà nírọ̀lẹ́. Kọ́sítọ́ọ̀mù kankan ò tíì mú un."

Màmá Àgbà ti wà lórí àpótí rẹ̀ níhà Bìnẹ̀, lábẹ́ òjìji. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Bọ̀ńsúù," ó fi Faransé kí mi, ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Tíṣà, ka ìwé rẹ."

Mo kà. Ó rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ, ó tún rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ. Oòrùn ń yí, òjìji ń yí, òun náà ń fa àpótí rẹ̀ tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ikú Ifákẹ́mi, mo ṣe bí ẹni fẹ́ fò ó kọjá. Ta ní ń ka ikú àgbà sí i létí?

"Má fò ó," ó ní.

Mo kà á títí dé ibojì.

"Ta ló sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ?"

"Èmi ni, Màmá."

Bí wọ́n ṣe ń sin àwọn ìyá ìjọ wa ní Ìlaròó nìyẹn. N kò mọ òmíràn.

"Ní tiwa, ọmọ ilé bàbá rẹ̀ ni obìnrin títí dọ́la. Bó bá kú sílé ọkọ, àwọn ará ilé rẹ̀ á wá gbé e. Ìtẹ́olúwakìíṣí, ikú ò bà mí lẹ́rù. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà ni mo ti ń rò ó: ta ni yóò gbé òkú mi kọjá lójú ṣọ́jà?"

Ọkàn mi bàjẹ́. Òjò tí yóò rọ̀ dáadáa ni mo ń wá, obìnrin náà ń wá ilé. Mo ní n ó yí i padà, n ó jẹ́ kí wọ́n gbé e wá sí Ìwòyè.

"Kí wọ́n gbé ta?" ó ní. "Wo ibi tí mo jókòó sí."

Òjìji igi kajú ti bọ́ sí ọ̀dọ̀ wa níhà Nàìjíríà, ó nà gbọọrọ lórí pòròpórò àgbàdo Bùrọ̀dá, àpótí Màmá Àgbà sì wà láàárín rẹ̀. Ó ti ń fà á bọ̀ lójú mi láti àárọ̀, èmi ń kàwé.

Ó dìde, ó gbọn ewé kúrò lára ìró rẹ̀, ó na àpótí sí Bùrọ̀dá. "Yàrá ìyá mi, ṣé ẹ ṣì ń kó àgbàdo sí i?"

"A ó kó o kúrò, Màmá."

Wọ́n ṣáájú. Mo dúró sídìí igi náà, mo pa ibojì rẹ́ nínú fóònù, mo pa òjò rẹ́. Mo kọ ọ́ pé Ifákẹ́mi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ ọyẹ́ kan. Nígbà tí mo mú un dé ẹnu ọ̀nà, n kò mọ ohun tí wọ́n fi ń kí ọmọ tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó wálé. Mo sáré tẹ̀ lé wọn kí n lè gbọ́ ọ.