Ìlà Funfun Lórí Nọ́ọ̀tì

Ilé adìyẹ ni mo ti rí ọkọ̀ náà. Mi ò ṣàwàdà. Kápẹ́ńtà kan tó ń gbé lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò wa ló yọ àga ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, ó da koríko gbígbẹ sí i, àwọn adìyẹ rẹ̀ sì ń yé síbẹ̀. Mo ní kó tà á fún mi. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Mo ní kí ló kàn án. Owó tó gbà lọ́wọ́ mi kò lè ra bàtà gidi, ó sì tún bẹ̀ mí pé kí n ní sùúrù kí adìyẹ tó sàba níbẹ̀ pa ọmọ tán kí n tó wá gbé e.

Ọkọ̀ kékeré ni, ó rí rògòdò bí ìjàpá. Ilẹ̀kùn awakọ̀ kì í ṣí láti ìta, ẹ̀gbẹ́ kejì lèèyàn máa gbà wọlé, á wá wọ́ ìdí kọjá. Bí o bá yí sítíárìn sí òsì, họ́ọ̀nù á dún. Bí o bá tẹ bírékì, wáìpà á bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì, òjò ń rọ̀ ni o, òjò ò rọ̀ ni o. Lọ́jọ́ tí wọ́n tì í wọ àgbàlá wa, ìyàwó mi jáde wá wò ó, ó ní ṣé orogún tí mo fẹ́ fẹ́ lé òun lórí lọ́jọ́ ogbó nìyí. Mo ní òun ni, kó yáa fọwọ́ méjèèjì gbà á. Látìgbà náà ló ti ń pè é ní Orogún Mi.

Kì í ṣe eré ni mo bá débẹ̀ ṣá. Mẹkáníìkì ni mí. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ èrò ńlá kan ni mo ti lo gbogbo agbára mi kí wọ́n tó ní kí n máa lọ sinmi. Ìsinmi wo? Mo jókòó sí pálọ̀, mò ń wo ògiri, ògiri ń wò mí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti wá ń jẹ mí lọ́kàn. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí wa. Orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ, àmọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ, ó ń bi ìyàwó rẹ̀ pé màmá, ta lẹ wá kí níbí? Èmi ni mò ń wẹ̀ fún un. Tí mo bá wọ ṣòkòtò fún un tán, á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò. Wọ́n ní bàbá wa náà ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó kú. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, mi ò ní purọ́. Mo wá bá ara mi ṣàdéhùn: bí mo bá lè tún ọkọ̀ játijàti yìí ṣe kó rìn, a jẹ́ pé orí mi ṣì pé. Bí mi ò bá lè ṣe é, a jẹ́ pé ó ti kàn mí.

Mo tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Mo bá ìyẹ́ adìyẹ níbi tí ìyẹ́ kankan ò gbọdọ̀ dé. Mo ń bú adìyẹ, mò ń bú kápẹ́ńtà, ara mi sì ń yá sí i lójoojúmọ́. Aránṣọ ni ìyàwó mi, ìsàlẹ̀ òpópónà wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Láàárọ̀ kó tó lọ, á gbé àpótí síta, á jókòó tì mí, á ní orogún òun ti gba ọkọ mọ́ òun lọ́wọ́ pátápátá. Inú rẹ̀ ń dùn, mo rí i lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ni mo wá sọ fún un pé tí ọkọ̀ yìí bá ti lè rìn, èmi nìkan ni màá wà á lọ sílé ọmọ wa obìnrin, bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe jìn tó yẹn. Ó gbé àpótí rẹ̀ wọlé, ó bá ti ṣọ́ọ̀bù lọ. Mo rò pé kò fẹ́ kí n náwó epo ni.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wàhálà dé. Màá de wáyà bátìrì le dáadáa, bó bá di ọjọ́ kejì, màá bá a tó ti tú. Màá tún un dè, á tún tú. Pílọ́ọ̀gì tí mo fọwọ́ ara mi dì, ó ń mì bí eyín arúgbó. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo wọ balùwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo ń ka orúkọ àwọn ọmọ mi àtàwọn ọmọ wọn, bóyá ọ̀kan á sọnù. Kò sí èyí tó sọnù. Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀.

Mo wá rántí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Lọ́dọ̀ tiẹ̀, tó o bá ti di nọ́ọ̀tì kan tán, wàá fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín fa ìlà ọ̀dà funfun lé e, kí ìlà náà bẹ̀rẹ̀ lórí nọ́ọ̀tì, kó parí lára irin tí nọ́ọ̀tì jókòó lé. Bí nọ́ọ̀tì bá fi yí, ìlà á gé sí méjì, ojú á sì rí i. Nọ́ọ̀tì tí kò bá ní ìlà, o ò tíì dì í nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn, àbàrá ló kù. Mo lọ ra ọ̀dà. Mo fi odindi ọjọ́ kan yẹ ọkọ̀ náà wò láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo yọ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti wo bírékì, mo dá wọn padà. Gbogbo ohun tí mo dì ni mo kùn. Mo rántí dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó mi ti jáde kí n tó jí, torí oníbàárà kan ń dúró de aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀. Mo wẹ̀, mo bọ́ sínú ọkọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó dáhùn. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní kí n wà á lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi, kó wá wo orogún rẹ̀. Mo yà sí òsì, họ́ọ̀nù ń ké, àwọn èèyàn ń yọjú lójú fèrèsé, mò ń juwọ́ sí wọn. Mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ àdúgbò wa tí mo rí táyà kan tó ń sáré lọ níwájú mi. Mo ń ronú pé táyà ta nìyẹn nígbà tí imú ọkọ̀ já lulẹ̀. Táyà náà lọ kọlu bẹ́ǹṣì tí àwọn tó wá gẹrun máa ń jókòó sí, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì. Orí ló yọ wá, kò sí ẹnikẹ́ni lórí bẹ́ǹṣì. Onígbàjámọ̀ jáde, kò bú mi. Ó kàn dì mí lápá mú, ó ní kí n rọra, bàbá.

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ló bá mi gbé ọkọ̀ náà padà sílé. Wọ́n fi igi tì í lábẹ́, wọ́n gbé táyà tó yọ ti ògiri. Mi ò sún mọ́ ọn mọ́. Mo ti àpótí irinṣẹ́ mi pa, mo padà sí pálọ̀ lọ́dọ̀ ògiri. Ó ti kàn mí nìyẹn. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo mọ bó ṣe máa rí, mo ti fi ọwọ́ mi wẹ̀ fún ẹni tó ṣe é.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, mo ní kí ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù wá kó o lọ. Ó dé, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó lè mọ iye tó máa fún mi. Èmi náà sáà yọjú. Mo rí nọ́ọ̀tì bátìrì. Ìlà funfun wà lórí rẹ̀, ìlà funfun wà lára irin ìdí rẹ̀, àmọ́ wọn ò kan ara wọn. Mo wo pílọ́ọ̀gì, bákan náà. Ẹnì kan ti yí wọn. Mo dì wọ́n, mo kùn wọ́n, ẹlòmíì ló wá tú wọn. Kí n má fọ̀rọ̀ gùn, mo lé oníirin jáde, mi ò tiẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀.

Èmi àti ìyàwó mi nìkan là ń gbé inú ilé náà. Ó ń lọ aṣọ nínú yàrá. Mo bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, mo ní ìwọ lò ń tú nọ́ọ̀tì mi. Kò jiyàn. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró, ó ní òun ni. Ó ní bí mo bá ti wọ balùwẹ̀ láàárọ̀ lòun máa ń mú sípánà kékeré, torí òun ò fẹ́ kí n wa ọkọ̀ lọ sọ́nà jíjìn. Ó ní lẹ́yìn tí táyà yọ, òun tún lọ tú bátìrì àti pílọ́ọ̀gì, kí n má bàa tún wà á. Ó yẹ kí n bínú. Ẹ̀rín ni mo rín, mo di tábìlì mú kí n má bàa ṣubú. Orí mi pé. Mi ò dà bí ẹ̀gbọ́n mi. Mo bú u díẹ̀, ti ayọ̀ ni, mo ní o ò ní ojú àánú, táyà ńkọ́, ṣé o fẹ́ pa mí ni, ṣé o fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ?

Ó wò mí. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Bàbá wọn, mi ò fọwọ́ kan táyà. Ọwọ́ mi ò ká irin yẹn."

Mo jáde sí àgbàlá. Mo yí ọkọ̀ náà po. Táyà mẹ́ta tó kù, ìlà funfun wà lórí gbogbo nọ́ọ̀tì wọn, ó gún régé. Mo lọ síbi tí ìkẹrin fara ti ògiri, mo bẹ̀rẹ̀, mo fi aṣọ nu irin rẹ̀. Ká ní mo kùn ún ni, ìdajì ìlà ì bá ṣì wà létí ihò kọ̀ọ̀kan. Mo gbé e síbi tí oòrùn wà, mo tún wò ó. Kò sí ọ̀dà kankan níbẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó. Ìyàwó mi ti wá dúró lẹ́yìn mi. Mo bi í pé kí ló rí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú nọ́ọ̀tì. Ó ní kí n jẹ́ ká wọlé. Mo ní kó sọ ọ́, mo bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo bu omi fún yín, ẹ mu ún. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ ní èèyàn dáadáa ni mí. Ẹ wá bi mí bóyá mo lọ́kọ."

Ó ní òun rẹ́rìn-ín, òun rò pé àwàdà mi ni, àfi ìgbà tí òun rí i pé mò ń dúró de èsì. Mo wá a nínú orí mi, ṣọ́ọ̀bù, omi, ìbéèrè yẹn. Mi ò rí nǹkan kan. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lápò, mo fi lé e lọ́wọ́. Mo ní bí mo bá tún bi í bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, kó má bínú, kó sáà sọ fún mi pé òun lọ́kọ.

Ó ní òun sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ yẹn náà.