Ìnira Tó Jẹ́ Ti Ilẹ̀

3.

…tí kò bá ti ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ, tí ojú sì lè ríran gba inú rẹ̀ kọjá. Ti fẹ́ǹsì pápá tẹníìsì nìyẹn. Ní ti ilé ẹ̀rọ omi: ògiri tí ojú kò lè ríran kọjá, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, yíká.

(Ìlú ló lẹ ìwé òfin ògiri yìí mọ́ òpó tó wà lẹ́yìn ilé mi. Mo rọra kà á. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún kí n tó mọ̀wé kà.)

4.

Ohun tí mò ń rí láti fèrèsé ilé ìdáná mi:

koríko

ilé ẹ̀rọ omi, tí kò ga ju àyà mi lọ

wáyà pápá tẹníìsì

Marlys, ọmọ mi, ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù

5.

Láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ̀ ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ìlú kan náà là ń gbé.

6.

DELBERT (aládùúgbò mi): Verna, wọ́n fẹ́ mọ ògiri. Ariwo ẹ̀rọ yẹn máa dópin.

ÈMI: Ìyàwó rẹ á pè ọ́ títí, o ò ní gbọ́. Ẹ̀rọ omi lo wá ń gbọ́?

DELBERT: Ẹ̀rọ kì í ní kí n wá fọ abọ́.

ÈMI: Mi ò fẹ́ ògiri náà.

DELBERT: Kí lo wá fẹ́ máa wò níbẹ̀? Àwọn ọmọ tó ń sá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù?

ÈMI: Bẹ́ẹ̀ ni.

(Ó wo pápá náà. Ó rí Marlys níbẹ̀. Ó gbé àgbàdo mélòó kan lé orí fẹ́ǹsì mi, ó wọlé lọ.)

7.

Ọwọ́ òsì ni Marlys fi ń gbá bọ́ọ̀lù, bíi bàbá rẹ̀.

8.

ÌWÉ Ẹ̀BẸ̀ FÚN ÌYỌ̀ǸDA LÓRÍ ÒFIN ÒGIRI

Ìnira wo ni òfin yìí mú bá ilẹ̀ rẹ? ÀKÍYÈSÍ: ìnira náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ilẹ̀. A kì í gba ti ẹni tó ni ilẹ̀.

Ìdáhùn mi:

Atẹ́gùn kò ní fẹ́ dé ibẹ̀. [mo pa á rẹ́]

Ilẹ̀ náà ní ọmọ kan. [mo pa á rẹ́]

Omi òjò yóò máa dúró.

9.

ALÁGA ÌGBÌMỌ̀: Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ ní, Ìyáàfin Kessler.

ÈMI: Omi òjò á máa dúró sórí ilẹ̀ mi.

ALÁGA: Ẹlẹ́rọ wa ní omi náà á rọ́nà lọ. Ṣé ilẹ̀ yín tún ní ìnira mìíràn?

(Marlys jókòó sí ìlà ìkẹyìn. N kò mọ̀ pé yóò wá.)

ALÁGA: Ìyáàfin Kessler?

ÈMI: Ó ní.

ALÁGA: Ẹ jẹ́ ká gbọ́.

ÈMI: Ó dá wà.

ALÁGA: Ta ló dá wà?

ÈMI: Ilẹ̀ náà.

(Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Delbert kò rẹ́rìn-ín.)

10.

Marlys ti jáde kí n tó dé ẹnu ọ̀nà.

12.

ÌKÉDE

A ti sún ìpàdé lórí ògiri ilé ẹ̀rọ omi sí oṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀bẹ̀ kejì ti wọlé lórí ògiri kan náà, láti ọ̀dọ̀ Marlys Kessler, olùkọ́ ní pápá tẹníìsì.

Ìnira tó kọ sílẹ̀: "Láti orí pápá, a kò ní rí fèrèsé ilé ìdáná yẹn mọ́."

Ìgbìmọ̀ ṣì ń wò ó bóyá ti ilẹ̀ ni.