Haidirójìn Tó Kù Nísàlẹ̀ Ìgò

Hajarat ò fẹ́ràn ìgò haidirójìn, omi oògùn tí wọ́n fi ń fọ egbò, tó wà nínú balùwẹ̀ wọn rárá. Ìgò náà ò ṣẹ̀ ẹ́ o, ọkọ rẹ̀ ló ń lò ó lálòjù. Bí etí bá ń yún Sírájúdéènì, haidirójìn. Bó bá jí tí ẹnu rẹ̀ ń rùn, á bomi là á, á fi ṣan ẹnu, á tutọ́ sílẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni o, pákó tí wọ́n fi ń gé ẹran ni o, àárín táìsì tó ti dúdú ni o, kò sí ibi tí kì í dà á sí. Á wá lóṣòó tì í, á máa wò ó bó ṣe ń hó.

"Ìyá Àdìzát, wá wò ó, ìdọ̀tí ń kú!"

Wẹ́dà ni ọkùnrin yìí o, Sàngó ló ti ń jórin. Ta ló fi í ṣe dókítà?

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Hajarat jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ tó wà níwájú ilé wọn ní Ìjòkó, ó ń to ìlẹ̀kẹ̀ sára aṣọ léèsì funfun kan. Ìyá Ruqoyah ló wọ aṣọ náà ní Mẹ́kà, kò sì pé ọdún méjì tó dé tó fi kú. Lọ́la ni nìkáà Ruqoyah. Alhája Àmúdà, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ló gbé aṣọ náà wá pé òun ni kí wọ́n tún rán fún ìyàwó, kò sí òmíràn. Lọ́jọ́ tó gbé e wá, ó di ọwọ́ Hajarat mú.

"Rán an bó o ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má fọ̀ ọ́ o."

Kò sọ ìdí. Hajarat rò pé nítorí omi Samsam ni, èyí tí àwọn tó lọ sí Mẹ́kà máa ń ti aṣọ bọ̀.

Ó ku ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta péré nígbà tí abẹ́rẹ́ gún un níka. Ìgbà tó máa fi mọ̀, ẹ̀jẹ̀ ti kán sáyà aṣọ, ó tóbi tó ẹyọ ẹ̀wà kan.

"Yéè! Mo gbé!"

Ẹ̀jẹ̀ láyà aṣọ ìyàwó, aṣọ olóògbé! Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni Alhája máa wá gbà á. Omi gbígbóná ló kọ́kọ́ sọ sí Hajarat lọ́kàn, ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ló máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọra aṣọ pátápátá. Bílíìṣì á sọ léèsì di yẹ́lò. Bó ṣe ń yẹ aṣọ náà wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ti ta síbòmíràn, ó rí àmì kékeré kan létí ìsàlẹ̀, ó ti gbó, ó ti di àwọ̀ ilẹ̀. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìyẹn náà á kúrò lónìí. Ló bá rántí haidirójìn, ó sáré wọlé.

Sírájúdéènì dúró níwájú dígí, ó ti wọ jalabíà. Irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n bí irun àgbàdo.

"Bàbá Àdìzát! Ẹ má sọ fún mi pé haidirójìn lẹ fi pa irùngbọ̀n!"

"Ṣé kò bá mi mu ni?"

Hajarat já ìgò gbà, ó mì í. Ohun tó kù nísàlẹ̀ ò kún ṣíbí kan. Ẹlẹ́kẹ́míìsì àdúgbò sì ti ti ilẹ̀kùn lọ sí Jímọ̀. Hajarat bú sẹ́kún. Ó ní bí irùngbọ̀n pupa bá ń wu ọkọ òun, ṣebí epo pupa wà nílé ìdáná.

Nígbà tí Sírájúdéènì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ojú tì í. "Ti Hafeez ńkọ́?" ló béèrè.

Hafeez àbúrò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bébà kan ní Ìgbẹ́sà. Ó ti bu haidirójìn tí wọ́n fi ń sọ bébà di funfun níbẹ̀ wá fún wọn nínú ìgò mínírà.

"Ti kọ́ńpìnnì ló lágbára," ni Sírájúdéènì wí. "Dà á sí gbogbo aṣọ, gbogbo ẹ̀ á funfun báláú."

Hajarat gbé e. Ìgò náà ti wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Bó ṣe rọra tú ìdérí, ó ṣe ṣììì, ẹ̀kán kan sì ta sí i níka. Ó ta á bí iná. Kó tó sáré dé ìdí ẹ̀rọ omi, awọ ìka náà ti funfun bí ẹfun. Àwọn méjèèjì ń wò ó.

"Ohun tó ṣe báyìí sí awọ èèyàn," ni Hajarat wí, "ẹ ní kí n dà á sí aṣọ olóògbé?"

"Ìyá Àdìzát, lọ́la ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ etí." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ha! Ọlọ́run ló yọ yín!"

Sírájúdéènì gbé ìgò náà síta bí ẹni gbé ẹyin. Ó da omi rẹpẹtẹ lé e kó tó dà á nù, ó sì pe Hafeez pé kó má gbé irú ẹ̀ wọlé òun mọ́ láé.

Hajarat padà sídìí èyí tó kù nínú ìgò kékeré. Ó tẹ́ áńkáṣíìfù sábẹ́ aṣọ, ó fi òwú kán an sójú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó hó kùṣùkùṣù, ó nù ún, ó tún kán an. Ẹ̀jẹ̀ pupa di pípọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà kẹta, kò rí nǹkan kan mọ́. Ó kígbe Alhamdulillahi. Ó wá yí aṣọ sí àmì ìsàlẹ̀ yẹn, ó dojú ìgò dé, ó gbọ̀n ọ́n gbọ̀n ọ́n. Ìgò ti gbẹ. Ó pòṣé, ó sì bú irùngbọ̀n ọkọ rẹ̀ tó ti lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Nígbà tí Alhája Àmúdà dé, ojú ibẹ̀ ti gbẹ, kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Hajarat ì bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò gbà, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Mama. Ẹ̀jẹ̀ mi kán sí i. Mi ò fọ̀ ọ́, haidirójìn ni mo fi yọ ọ́."

Alhája ò tiẹ̀ wo àyà aṣọ. Ìsàlẹ̀ ló dì mú, ó ń yí i kiri.

"Ṣé o kàn án níbí? Ṣé o kàn án?"

"Rárá, Mama. Haidirójìn tán."

Ìka arúgbó náà bá àmì yẹn. Ó jókòó sórí àpótí, omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ìyá Ruqoyah ló là," ló wí. "Láàárín Sọ́fà àti Mọ́ríwà, òkè méjì tí wọ́n ti ń rìn lọ rìn bọ̀ ní Mẹ́kà. Ó ní bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń jáde lẹ́sẹ̀ òun lòun ń tọrọ pé kí Ọlọ́run jẹ́ kóun rí ìgbéyàwó Ruqoyah. Ohun tó kù lára ọmọ mi láyé nìyí, Ìyá Àdìzát. Lọ́la, òun náà á wà níbẹ̀."

Hajarat gba aṣọ náà, ó ṣẹ́ etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa kí àmì yẹn lè wà nínú, níbi tí yóò ti máa kan ẹsẹ̀ ìyàwó.

Alhája ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé aṣọ náà lọ ni Sírájúdéènì sáré dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìgò haidirójìn tuntun méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹlẹ́kẹ́míìsì ti ṣí! Níbo ló kù tá a máa kán an sí?"

Hajarat wo irùngbọ̀n pupa yẹn títí, ẹ̀rín àti ẹkún dà pọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Kò kù síbì kan," ló wí. "Bàbá Àdìzát, irùngbọ̀n yẹn mà bá yín mu o."